Iwájú àti Ẹ̀yìn Gbọ́dọ̀ Jọ Ka Òǹkà Kan: Ìtàn Eyín Gíà Inú Ọkọ̀ Fọ́ọ̀-Wíìlì

Lọ́dún tó kọjá, láàárín òjò, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù àbúrò bàbá mi ró gbàù lójú títì Ilé-Olújìí, ó sì dúró gbọin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kó sẹ́yìn. Fọ́ọ̀-wíìlì ni ọkọ̀ náà, ìyẹn irú èyí tí ẹ́ńjìnì lè fi agbára yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí pé ọ̀nà oko ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí ọkọ̀ lásán ń gbà nígbà òjò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni dífúrẹ́ńṣíà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ eyín. Mẹkáníìkì bá a ra tòkunbọ̀ kan. Ó gbé e sábẹ́ ọkọ̀, ihò bóòtù bá ihò bóòtù mu, ojú rẹ̀ sì jọ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn yín balẹ̀, bó ṣe wà látilẹ̀ náà nìyí."

Kì í ṣe pé ó purọ́. Kò mọ̀ ni.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ ń rìn dáadáa, torí pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń lò. Ọjọ́ tí ẹrẹ̀ gbé e, Bàbá Kékeré (bí gbogbo wa ṣe ń pè é nílé) fa gíà fọ́ọ̀-wíìlì. Ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń rìn bí ẹran tí ẹnìkan di ìrù rẹ̀ mú. Nígbà tó dé orí ọ̀dà, kò tètè yọ gíà náà. Sìtíárì le, táyà ń ké, kò sì pẹ́ tí gbàù náà fi dún. Gíà tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn ló fọ́. Owó tó fi tún un ṣe ni owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti ń tọ́jú láti ìgbà tí wọ́n ti ta kòkó.

Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ mẹkáníìkì ló tú dífúrẹ́ńṣíà méjèèjì sílẹ̀, tó ní kí n jókòó kí n ka eyín wọn. Mo kà á. Níwájú, eyín 41 wà lára gíà ńlá, 10 lára kékeré. Lẹ́yìn, 39 lára ńlá, 11 lára kékeré. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ tó ò ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ìka ò dọ́gba. Lábẹ́ ọkọ̀ yìí, ó gbọ́dọ̀ dọ́gba o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé inú ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí. Bí irin méjì bá lè jọra tó báyìí lóde, tí inú wọn sì yàtọ̀, báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo ló sì di ẹrù ẹni tó ra ọkọ̀ láti mọ̀ ọ́n?

Ohun tí a ń kà

Pùrọ́pẹ́là ni irin gígùn tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀, tó ń gbé agbára lọ sí ọ̀dọ̀ táyà. Ní ìdí rẹ̀ ni gíà kékeré wà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní píníọ̀n. Píníọ̀n yìí ló ń yí gíà ńlá tó wà nínú dífúrẹ́ńṣíà, ìyẹn kíráùn. Bí kíráùn bá ní eyín 41, tí píníọ̀n sì ní 10, a ó pín 41 sí ọ̀nà 10, ó di 4.10. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé pùrọ́pẹ́là ní láti yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin ó lé díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá pín 39 sí ọ̀nà 11, ó di nǹkan bí 3.55. Ẹ jẹ́ ká máa pe òǹkà yìí ní ìpín eyín.

Ìpín eyín tó pọ̀ ń fún ọkọ̀ lágbára láti fa ẹrù, ṣùgbọ́n ó ń gba eré lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpín tó kéré ń jẹ́ kó sáré lójú títì láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnì ń pariwo, ṣùgbọ́n ẹrù a máa wúwo fún un. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ kan náà fi ń fi oríṣiríṣi ìpín eyín sínú irin tí ojú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tó ń kó igi rí tirẹ̀, ẹni tó ń rìnrìn àjò náà rí tirẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń lo táyà méjì, èyí kò dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fọ́ọ̀-wíìlì, gíà kan wà láàárín tó so pùrọ́pẹ́là iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn kí wọ́n lè jọ máa yí. Bí ìpín eyín bá yàtọ̀, àwọn pùrọ́pẹ́là á máa yí bákan náà, àmọ́ táyà ò ní lè yí bákan náà. Nínú ọkọ̀ Bàbá Kékeré, bí táyà ẹ̀yìn bá fẹ́ rìn 1,000 mítà, nǹkan bí 865 mítà ni táyà iwájú fẹ́ rìn. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kan ni, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀. Mítà 135 tó kù gbọ́dọ̀ ti ibìkan wá. Nínú ẹrẹ̀, táyà a yọ̀, ìjà a sì parí. Lórí ọ̀dà, táyà ò rí ibi yọ̀ sí. Irin ni yóò gba ìyà náà mọ́ra, títí èyí tó rọ̀ jù nínú wọn yóò fi ṣẹ́.

Láti ọwọ́ aláago dé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ

Ní ìparí àwọn ọdún 1820, Onésiphore Pecqueur, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń ṣe aago, gba ìwé àṣẹ lórí dífúrẹ́ńṣíà fún ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn. Ìṣòro tó fẹ́ yanjú rọrùn láti rí. Bí ọkọ̀ bá ń yà sí kọ̀rọ̀, ọ̀nà tí táyà ìta ń rìn gùn ju ti inú lọ. Bí irin kan bá so méjèèjì pọ̀ gírígírí, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ́ nílẹ̀. Dífúrẹ́ńṣíà gbà kí ọ̀kan yára ju èkejì lọ, kí àwọn méjèèjì sì máa rí agbára gbà síbẹ̀.

Ìyẹn láàárín ọ̀tún àti òsì. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ṣiṣẹ́, ìṣòro kan náà tún yọjú láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Ní 1903, ilé iṣẹ́ Spyker ní ilẹ̀ Netherlands gbé ọkọ̀ ìsáré kan jáde, Spyker 60 HP, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Clintonville ní Wisconsin, Otto Zachow àti àna rẹ̀ William Besserdich, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún irin ṣe, wá ọ̀nà tí táyà iwájú yóò fi máa gba agbára, tí yóò sì tún máa yà. Ní 1908 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Ilé iṣẹ́ tó ti inú rẹ̀ jáde, FWD, ta ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ní gbogbo ìgbà yìí, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pé kí iwájú àti ẹ̀yìn bára mu. Ẹni tó ṣe iwájú náà ló ṣe ẹ̀yìn. Ọwọ́ kan náà ló gé eyín méjèèjì.

Ọkọ̀ ogun tí eyín rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan

Ní 1940, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ 135 pé àwọn ń fẹ́ ọkọ̀ kékeré, fífúyẹ́, tó lè fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn. Ọjọ́ 49 ni wọ́n fún wọn láti mú àkọ́kọ́ wá. Ilé iṣẹ́ kékeré kan, Bantam, ní Butler ní Pennsylvania, pe Karl Probst kó wá yàwòrán rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ wọn dé Camp Holabird kí àkókò tó pé. Ṣùgbọ́n Bantam ò tóbi tó láti ṣe iye tí ogun ń fẹ́. Willys àti Ford ló wá gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ti Willys ń jẹ́ MB, ti Ford ń jẹ́ GPW. Àpapọ̀ wọn ju 600,000 lọ kí ogun tó parí. Òun ni ayé ń pè ní Jeep.

Ibí ni ìtàn eyín ti dùn. Ilé iṣẹ́ méjì ló ń ṣe ọkọ̀ yìí, nínú ìlú tó jìnnà síra, àmọ́ àwọn ọmọ ogun sọ pé páàtì tọ̀hún gbọ́dọ̀ lè wọ tìhín. Ford fi lẹ́tà F sára ọ̀pọ̀ páàtì rẹ̀, títí dé orí bóòtù, kí wọ́n lè mọ̀ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí F yẹn ń sọ kò ju ẹni tó ṣe é lọ. Ìwọ̀n ò yàtọ̀. Nínú MB àti GPW, kíráùn ní eyín 39, píníọ̀n ní 8, níwájú àti lẹ́yìn. Bí a bá pín in, ó jẹ́ 4.88.

Ẹ fojú inú wo mẹkáníìkì ọmọ ogun nínú aginjù Àríwá Áfíríkà. Ọta ba iwájú ọkọ̀ kan jẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn sì ti fọ́. Ó lè yọ èyí tó dára lára ọ̀kan kó fi sí èkejì láìka eyín kankan. Ẹnìkan ti bá a kà á tẹ́lẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Ìgbọ́kànlé yẹn pọ̀ gan-an, ó sì mọ́ àwọn ènìyàn lára débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ohun tó bá ti jọra lóde gbọ́dọ̀ jọra nínú.

Àlàáfíà dé, òǹkà yàtọ̀

Ní 1945, Willys gbé Jeep jáde fún ará ìlú, CJ-2A. Àgbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tà á fún. Kó lè fa ohun ìtúlẹ̀, wọ́n fi kíráùn eyín 43 sí píníọ̀n eyín 8. Ìpín rẹ̀ di 5.38. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè wo dífúrẹ́ńṣíà méjèèjì fún ọjọ́ kan kó má rí ìyàtọ̀. Ọkọ̀ ogun àti páàtì wọn sì kún ọjà nígbà náà, owó wọn ò wọ́n. Ẹni tó bá ra ẹ̀yìn ọkọ̀ ogun sábẹ́ Jeep oko rẹ̀ ti fi 4.88 àti 5.38 sábẹ́ òrùlé kan. Bí ọ̀kan bá rìn 1,000 mítà, nǹkan bí 907 ni èkejì fẹ́ rìn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Maurice Wilks tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Rover ní oko kan ní erékùsù Anglesey, Jeep ogun kan ló sì ń lò níbẹ̀. Ó rò pé Rover lè ṣe tirẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1948 ni wọ́n fi Land Rover han ayé ní Amsterdam. Òun ló wá di ọkọ̀ ìjọba, ọlọ́pàá àti ẹni tó ń wọn ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso, títí kan tiwa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 4.7 ni ìpín eyín rẹ̀: 47 lórí 10. Ní 1970, Range Rover dé. Ọkọ̀ ojú títì lòun, ó yára, ìpín tirẹ̀ sì jẹ́ 3.54.

Dífúrẹ́ńṣíà Range Rover wọ inú Land Rover àtijọ́ wẹ́kú. Àwọn tó ní Land Rover wá ń ṣe é kí ọkọ̀ wọn lè yára lójú títì. Ẹni tó pààrọ̀ méjèèjì jèrè. Ẹni tí owó rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ, tó pààrọ̀ ẹ̀yìn nìkan, tí kò sì fa fọ́ọ̀-wíìlì, yóò máa rò pé òun gbọ́n. Ọjọ́ tó bá fà á ni yóò mọ̀ pé 1,000 mítà ti di 753.

Ní Nàìjíríà, ní àwọn ọdún 1970, ìjọba bá àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ṣe àdéhùn kí wọ́n wá máa to ọkọ̀ síbí. Peugeot lọ sí Kàdúná, Volkswagen wà ní Èkó, Leyland wá sí Ìbàdàn. Land Rover wà lára ohun tí wọ́n ń tò ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ tó bá ti ibẹ̀ jáde, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ wá láti ìdí kan náà ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò SAP dé tí náírà sì ń já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun kúrò ní ohun tí apá òṣìṣẹ́ ká. Tòkunbọ̀ gba ọjà.

Ẹ̀yin tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ orúkọ yìí dáadáa. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tó wá padà wálé, là ń pè ní Tòkunbọ̀. A gbé orúkọ ènìyàn fún ọkọ̀, lẹ́yìn náà a gbé e fún páàtì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí orúkọ náà ò sọ fún wa: dífúrẹ́ńṣíà tòkunbọ̀ kì í sábà bá ìkejì rẹ̀ rìnrìn àjò. Lọ́hùn-ún ni wọ́n ti tú ọkọ̀ palẹ̀. Ẹ̀yìn lè dé Èkó, kí iwájú dé Accra. Ohun tí ilé iṣẹ́ so pọ̀ ti tú ká, kò sì sí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ àtiso ó pọ̀ padà fún.

Bí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń pẹ̀tù sí ìjà

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá sí i? Wọ́n dá a, àmọ́ nítorí kọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe nítorí eyín tó yàtọ̀. Bí ìpín eyín tilẹ̀ bára mu, táyà iwájú ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ bí ọkọ̀ bá ń yà. Jeep ní ọwọ́ gíà tí awakọ̀ fi lè yọ iwájú kúrò bó bá dé orí ọ̀dà. Land Rover ti 1948 ní ohun kan tó ń jẹ́ kí iwájú sáré ju gíà lọ fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń yà. Ní 1950 ni wọ́n fi ọwọ́ gíà rọ́pò rẹ̀. Range Rover fi dífúrẹ́ńṣíà kẹta sí àárín, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè yàtọ̀ síra nígbà gbogbo láìjà.

Dífúrẹ́ńṣíà àárín yìí ló ń tan àwọn ènìyàn jù. Wọ́n rò pé òun lè bá wọn gbé eyín tó yàtọ̀. Ó lè gbé e fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún, tí í ṣe ti kọ̀rọ̀ nìkan, ló wá ń ṣe ní gbogbo ìṣẹ́jú, títí kan ojú ọ̀nà tó gún régé. Yóò gbóná, yóò jẹ. Bí awakọ̀ bá sì tì í pa nínú ẹrẹ̀, ìjà àtijọ́ padà dé.

Ìyàtọ̀ kékeré kan wà tí àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn gbà láyè. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù Amẹ́ríkà kan wà tí iwájú wọn jẹ́ 4.09, tí ẹ̀yìn jẹ́ 4.11, torí pé dífúrẹ́ńṣíà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í ṣe irú kan náà, tí iye eyín ò sì lè ṣe rẹ́gí. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí mítà 5 nínú 1,000. Táyà tó jẹ díẹ̀ tàbí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dín lè fa irú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ń lo fọ́ọ̀-wíìlì má fi táyà ńlá sẹ́yìn kó fi kékeré síwájú: bí eyín bára mu, tí táyà ò bára mu, ẹjọ́ kan náà ni.

Bí a ṣe lè kà á

Bàbá mẹkáníìkì náà kọ́ mi ní ọ̀nà tí kò gba pé ká tú nǹkan kan. Ẹ fi igi há àwọn táyà tó wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ má baà rìn. Ẹ fi gíà sí fírì, ẹ rí i pé fọ́ọ̀-wíìlì ò sí lójú iṣẹ́. Ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè, kí èkejì rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà náà àti sí pùrọ́pẹ́là. Ẹ yí táyà náà lẹ́ẹ̀mejì gééré, kí ẹlòmíràn máa ka iye ìgbà tí pùrọ́pẹ́là yí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, torí pé èkejì tó wà nílẹ̀ ò yí rárá, dífúrẹ́ńṣíà sì ń pín in sí méjì. Bí pùrọ́pẹ́là bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin ó lé díẹ̀, 4.10 ni yóò súnmọ́. Bó bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ààbọ̀, 3.55 ni. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú náà. Bí ọkọ̀ yín bá ní ohun tí wọ́n ń tì lójú táyà iwájú, ẹ tì í kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ki ara bọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló dúró lé.

Iṣẹ́ náà ò gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Ká ní a ti ṣe é lọ́jọ́ tí tòkunbọ̀ yẹn dé, kí wọ́n tó dì í, ọmọ Bàbá Kékeré ò bá má pàdánù sáà kan nílé.

Ó ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́ báyìí. Ọkọ̀ náà ti padà sí ọ̀nà oko, 4.10 níwájú, 4.10 lẹ́yìn. Bàbá mẹkáníìkì fi ọ̀dà funfun kọ òǹkà náà sára irin méjèèjì, ńlá ńlá, kí ẹni tó bá tún máa wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ iwájú lè rí i.